Wọ́n fún mi ní Kẹ́mísírì, mo bá aró pàdé: ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí

Kẹ́mísírì ni mo kà ní yunifásítì. Aró ni mo ń pa báyìí, l'Abẹ́òkúta. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ra aṣọ lọ́wọ́ mi, kò ní pẹ́ tí yóò fi béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe débẹ̀?" Mo ti ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí WhatsApp títí ìka fi ń ro mí. Mo wá kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí, kí n lè ráyè fọ aṣọ.

Mo wà ní 100 level, mi ò sì mọ ohun tí mo wá ṣe níbí. Ṣé èmi nìkan ni?

Rárá o. Wo ọ̀tún wo òsì nínú gbọ̀ngàn tí ẹ ti ń gba lẹ́kíṣọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó síbẹ̀ kò kọ orúkọ kọ́ọ̀sì yẹn sínú fọ́ọ̀mù JAMB wọn. Ọmọ ọdún 16 tàbí 17 ló ń yan ohun tí yóò fi ayé rẹ̀ ṣe, yóò ṣe ìdánwò oríṣi mẹ́rin tí gbogbo máàkì rẹ̀ jẹ́ 400, yóò wá máa retí. Ẹni tó kọ Mẹ́dísìn a bá ara rẹ̀ ní Anatomy, ẹni tó kọ Law a bá ara rẹ̀ ní Philosophy. Ẹ tiẹ̀ gbọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́: "wọ́n fún mi ní Kẹ́mísírì." Bí ìgbà tí wọ́n ń gbé abọ́ fún èèyàn níbi ìnáwó ni. O ò lè bèèrè pé ẹran mi dà.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ fẹ́ tẹ́lẹ̀?

Kí n má purọ́, èmi ò fẹ́ nǹkan kan. Ilé ló ń bá mi fẹ́ ẹ. Màámi ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kékeré kan, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní kẹ́míìsì. Láti ìgbà tí mo ti wà ní JSS ni wọ́n ti ń sọ nílé pé èmi ni màá ka Famasí, tí màá wá sọ ṣọ́ọ̀bù náà di ilé oògùn gidi. Mo kọ Famasí lóòótọ́. Máàkì mi ò débẹ̀. Nígbà tí Kẹ́mísírì jáde, Màámi wò ó títí, wọ́n ní, "Kò burú. Kẹ́mísírì àti kẹ́míìsì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n."

Mo ń kàwé, mo ń yege, inú mi ò dùn, inú mi ò bàjẹ́. Bí ẹnì kan bá bi mí nígbà yẹn pé kí ni mo nífẹ̀ẹ́ sí, oorun ni ǹ bá pè.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì da iṣẹ́ sílẹ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko la fi wà nílé. Oṣù àkọ́kọ́ dùn. Ní oṣù kejì, Màámi ti sú mi, èmi náà ti sú Màámi, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í rán mi níṣẹ́ káàkiri. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà wọn ni ìyá àgbà kan tó ń pa aró nítòsí ọjà Ìtòkú. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n máa ń gbà, wọn kì í sì í san owó lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ gbé oògùn fún wọn, kí n sì má kúrò níbẹ̀ láìgba gbèsè.

Mo débẹ̀, Ìyá ní owó ń bọ̀, kí n jókòó. Mo jókòó. Wọ́n wò mí, wọ́n ju aṣọ kan sí mi lẹ́sẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ kókó kókó tí wọ́n fi ìko dì. Wọ́n ní, "Má jókòó lásán, bá mi tú ìko yìí. Má fi bíléèdì ya aṣọ mi o." Mo tú u láti nǹkan bí aago mẹ́wàá títí oòrùn fi kúrò lórí òrùlé. Bí kókó kan bá ti tú, òrùka funfun kan a yọ láàárín aró, kò sí èyí tó jọ èkejì. Ìgbà tí Ìyá san owó, mi ò tètè dìde. Ọjọ́ kejì, mo padà lọ. Kò sẹ́ni tó rán mi.

Ṣé ìko tí ẹ tú yẹn ló wá yí yín lọ́kàn padà?

Ìko ló mú mi jókòó. Ohun tó mú mi dúró ni àwọ̀ kan tí mo rí ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ìyá ń rẹ aṣọ, mo dúró tì wọ́n. Wọ́n fa aṣọ jáde nínú ìkòkò, mo rí i pé àwọ̀ ewé ló mú wá, ewé tó ń lọ sí yẹ́lò. Mo pariwo, "Ìyá, ó ti bàjẹ́ o!" Wọn ò tilẹ̀ wo ojú mi. "Panu mọ́, jẹ́ kó rí atẹ́gùn." Wọ́n na aṣọ náà sórí okùn. Lójú mi báyìí, ewé yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, láti etí aṣọ wá sí àárín, ó di aró.

Orí mi sì là. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ilé ìwé tó tì, olùkọ́ wa ti ya àwòrán mólíkù kan sójú pátákó, ó ní indigo ni, ó ní ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Adolf von Baeyer gba ẹ̀bùn Nobel ní 1905 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí irú àwọn aró bẹ́ẹ̀. Mo dà á kọ sínú ìwé, mo gbàgbé rẹ̀. Ohun tí mo dà kọ yẹn ló ń yí àwọ̀ padà lórí okùn aṣọ Ìyá tí kò kàwé rárá, tí wọ́n sì ti ń ṣe é láti ọmọdé.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò náà gan-an?

Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ kẹ́mísírì lè fo èyí. Èmi ò lè fò ó.

Ewé ẹ̀lú ni ìpìlẹ̀ aró tiwa. Wọ́n á gún ewé tútù nínú odó, wọ́n á rọ ọ́ bí òkìtì àkàrà, wọ́n á sá a sóòrùn kó gbẹ. Lọ́tọ̀, wọ́n á da eérú sínú ìkòkò tí wọ́n lu ihò sí nídìí, wọ́n á gbé e lórí ìkòkò mìíràn, wọ́n á máa da omi gba inú eérú kọjá. Omi tó ń kán sísàlẹ̀ yẹn máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹ̀lú gbígbẹ sí, wọ́n á dé e, ó di ọjọ́ mélòó kan.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ rèé: aró kì í yòrò nínú omi. Bí o bá da aró búlúù sómi, ìsàlẹ̀ ló máa lọ jókòó sí bí ìyẹ̀pẹ̀, kò ní wọ inú òwú. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí padà sí ohun mìíràn tó ń yòrò, àwọ̀ yẹn ló jọ ewé. Nínú ìkòkò ẹ̀lú, àwọn kòkòrò tí ojú ò rí ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, omi eérú ló sì ń fún wọn ní ibi tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Nígbà tí aṣọ bá mu ún tán, tí ó jáde síta, ọ́síjìn inú atẹ́gùn a sọ ọ́ padà di aró, inú òwú sì ni yóò ti yí padà, kò ní lè jáde mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n á sá a, tí wọ́n á tún rẹ ẹ́. Iye ìgbà tó bá wọlé ni yóò sọ bó ṣe máa dúdú tó.

Láti 1897 ni ilé iṣẹ́ Jámánì kan ti ń ta aró àtọwọ́dá, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ aláró òde òní ń lo aró oníyẹ̀fun, kọ́sítíìkì sódà dípò eérú, àti hydrosulphite dípò àwọn kòkòrò wa. Ó yá jù, wákàtí díẹ̀ ti tó. Ìyá ní dúrọ́ọ̀mù fún ìyẹn, wọ́n sì ní ìkòkò amọ̀ kan ṣoṣo fún ẹ̀lú. Bí ọyẹ́ bá mú, tí ìkòkò ẹ̀lú kọ̀ tí kò mú aró jáde, wọ́n á ní inú ń bí Ìyá Màpó, òrìṣà àwọn aláró àti amọ̀kòkò. Èmi á ní òtútù ti mú àwọn kòkòrò. A jọ ń fi aṣọ bo ìkòkò náà ni, kó lè móoru.

Iṣẹ́ àṣejáde mi ní 400 level, ìkòkò yẹn ni mo fi ṣe é. Mo ń gbé ohun ìwọn pH, ẹ̀rọ tó ń sọ bí omi eérú ṣe mú tó, lọ sí Ìtòkú láàárọ̀ kùtùkùtù. Ní ìgbà tí aró bá dára jù, nǹkan bí 10 tàbí 11 ló máa ń wà. Ìyá á kọ́kọ́ fi ìka méjì pa omi náà, wọ́n á gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n á sọ bóyá ó ti tó, kí n tó fi ẹ̀rọ tèmi bọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ẹ̀rọ já wọn, mo sì fura pé lẹ́ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mejì yẹn, bátìrì ló ti fẹ́ẹ́ kú.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ìfẹ́ gidi ni, tí kì í ṣe pé ìwé ni mò ń sá fún?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí èmi náà bi ara mi. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń dùn ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Gbígbá yàrá pàápàá ń dùn ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Má wo ibi tó dùn nínú iṣẹ́ náà. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn ìgbà tí aṣọ bá tú tí ọnà yọ. Wo ibi tó ń súni. Nínú àdìrẹ, aṣọ fífọ̀ ló pọ̀ jù: omi gbígbé, ọwọ́ tó ń ro, èékánná tó dúdú fún ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á máa bi ọ́ pé ṣé o ń ṣàìsàn ni. Bí ó bá jẹ́ fọ́tò ni, ibi tó ń súni ni jíjókòó ti kọ̀ǹpútà láti yan mẹ́wàá nínú ẹgbẹ̀rún kan. Bí ó bá jẹ́ eré orí ìtàgé, ẹni tó ń gbá ìtàgé lẹ́yìn eré ni kí o kọ́kọ́ jẹ́. Bí ibi tó ń súni yẹn kò bá lé ọ sá lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, nǹkan wà níbẹ̀.

Èkejì: ṣé ó ń bá ọ lọ sí ibi tí kò sí ẹni tó ń wò ọ́? Nígbà tí ilé ìwé wọlé padà ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mo bá ara mi níbi tí mo ti ń fi òwú di etí aṣọ mi nínú lẹ́kíṣọ̀.

Èmi ò tiẹ̀ mọ ohun tó wù mí. Níbo ni kí n ti wá a?

Má jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì máa ronú rẹ̀. Mi ò mọ ẹnì kan tó ronú títí tó fi rí i. Ọwọ́ ló ń rí irú nǹkan yìí, orí a wá gbọ́ lẹ́yìn. Lọ bá àwọn Theatre Arts kun ìtàgé wọn. Lọ kọ ìròyìn fún àwọn oníwèé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́. Bá ọmọ yàrá rẹ tó ń dirun dá irun sí méjì. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí kò bá dùn mọ́ ọ, kúrò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kà á sílẹ̀.

Ṣé kí n yí kọ́ọ̀sì mi padà?

Ó dá lórí ìgbà àti ibi tí o ń lọ. Bí o bá ṣì wà ní 100 level, tí CGPA rẹ dára, ọ̀nà wà. Lọ rí course adviser rẹ, lọ rí tọ̀hún náà, béèrè iye CGPA tí wọ́n ń gbà àti ohun tí wọ́n fẹ́ rí nínú WAEC rẹ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí: o fẹ́ lọ sí Fine Arts, WAEC rẹ sì jẹ́ ti sáyẹ́ǹsì pátápátá. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá sì ti gbà fún ọ, rí i dájú pé àtúnṣe náà hàn lọ́dọ̀ JAMB, nítorí ọjọ́ àgùnbánirọ̀ ń bọ̀ tí orúkọ kọ́ọ̀sì rẹ gbọ́dọ̀ bá ara mu níbi gbogbo. Mo mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn fi sílẹ̀ ní ìta àgọ́.

Bí o bá ti wà ní 300 level, èrò tèmi ni pé kí o parí rẹ̀. Èmi ò yí padà. Mo gbà á rò lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbà kẹta ni mo rí i pé Kẹ́mísírì tí mo fẹ́ sá fún ló ń jẹ́ kí n lóye ohun tí mo fẹ́ sá lọ bá. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni yóò ṣe kòńgẹ́ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀.

Kí n kúkú fi ilé ìwé sílẹ̀ ńkọ́? Fẹlá ò ka Mẹ́dísìn tí wọ́n rán an lọ kà.

Fẹlá ni gbogbo yín máa ń dárúkọ. Òótọ́ ni, ọmọ Abẹ́òkúta wa ni, ní 1958 ni wọ́n rán an lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pé kó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, ó sì gba Trinity College of Music lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ilé ẹ̀kọ́ ló kúrò tó tún wọ ilé ẹ̀kọ́. Kò jókòó sílé.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù láti sọ ni ti Chinua Achebe. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ University College ti Ìbàdàn nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1948, Mẹ́dísìn ni ó sì bá wọlé. Lẹ́yìn ọdún kan ó yí i padà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Owó ìrànwọ́ tí wọ́n fún un nítorí Mẹ́dísìn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló yọ̀ǹda owó tó ti tọ́jú láti fi wálé fún ìsinmi, kí àbúrò lè máa bá ìwé lọ. Gbogbo ayé mọ orúkọ àbúrò. Èmi máa ń ronú sí ẹ̀gbọ́n tí kò lè wálé lọ́dún yẹn. Bí o bá fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà, kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò san owó ọkọ̀, kí o sì jẹ́ kí òun náà mọ̀.

Ní kúkúrú, má fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí ohun tí o bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tó kọjá.

Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ nílé?

Èmi sọ ọ́ burúkú. Mo fi pamọ́ fún ọdún kan gbáko. Ìgbà tí Màámi máa gbọ́, ẹnu ẹlòmíì ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Obìnrin kan wá ra oògùn, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, aṣọ tí ọmọ yín pa fún mi mà dára." Màámi ní ọmọ wọn ò pa aṣọ. Obìnrin náà ní ó pa aṣọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n pè mí.

"Kí ni wọ́n ní ò ń ṣe ní Ìtòkú?"

"Aró ni, Màámi. Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Ta ni yóò wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ya mí lẹ́nu. Mo ti ṣètò gbogbo àlàyé nípa iyì àti ẹ̀bùn, mo ti ṣètò Fẹlá sílẹ̀. Wọn ò sọ̀rọ̀ iyì rárá. Ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n, wọ́n ti ń retí pé ọdún tí mo bá jáde ni àwọn máa sinmi. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù kì í ṣe ohun tí mo ti múra láti gbèjà ara mi lé lórí. A jọ sọ ọ́ di òru. Mo gbà láti máa jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo Sátidé, mo sì gbà láti jáde pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí, èyíkéyìí tó bá jẹ́. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Èló lo ta ìyẹn fún un?" Mo sọ ọ́. Wọ́n ní mo ti ta á pọ́ọ́kú.

Nítorí náà, kí o tó ṣàlàyé, béèrè. Wádìí ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù gan-an. Ó lè jẹ́ owó ilé ìwé àbúrò rẹ ni, ó lè jẹ́ ohun tí àwọn ará ìjọ máa sọ.

Òbí ni mí. Ọmọ mi ń ka Engineering, ó ní fọ́tò lòun fẹ́ máa yà. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ òbí, Mà. Ẹ má gba kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò kàn yá ti ẹlòmíì ni. Ẹ ní kó ya fọ́tò ayẹyẹ kan nínú ẹbí, kó sì kó o wá ní ọjọ́ tó bá dá. Bí ó bá kó o wá lọ́jọ́ náà, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Bí kò bá kó o wá, ẹ̀yin àti òun ti jọ rí nǹkan kan. Máàkì Engineering rẹ̀ nìkan ni kí ẹ máa béèrè fún láì mú ọ̀rọ̀ kámẹ́rà wọ̀ ọ́.

Mi ò lè yàwòrán. Ṣé mo lè ṣe àdìrẹ?

Dídì àti rírẹ ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí, yíyàwòrán ò sí níbẹ̀. Àdìrẹ oníko, ìko lásán ni. Àdìrẹ alábẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ àti òwú ni. Ẹlẹ́kọ ló nílò ọwọ́ tó dúró: wọ́n á fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sójú aṣọ pẹ̀lú ìyẹ́ adìyẹ, ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní mú un. Ọ̀nà ìṣe yẹn ni wọ́n fi ya ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, tí òpó gbọ̀ngàn Màpó ti Ìbàdàn wà nínú rẹ̀. Èmi náà ò tíì lè ya òpó kan tó dúró ṣánṣán. Ìyá ní tèmi dà bí ìgbà tí Màpó mu ẹmu.

Ọkùnrin ni mí, wọ́n ní iṣẹ́ obìnrin ni.

Nílẹ̀ Yorùbá, obìnrin ló ń rẹ aṣọ láti ilẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta ló ń gé páànù tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀kọ sójú aṣọ, ní Kano, ọkùnrin ló sì ń rẹ aṣọ nínú kòtò aró Kofar Mata. Máa bọ̀.

Kí ni mo nílò láti bẹ̀rẹ̀, èló sì ni?

Mi ò ní kọ iye owó síbí, yóò ti yí padà kí o tó kà á tán. Aṣọ funfun olówùú ọ̀pá méjì, tí kò ní ọ̀rá nínú. Aṣọ tó ní póólísítà kò ní mu aró. Ìko tàbí òwú líle. Ike méjì, igi kan tí o máa fi rò ó, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé ìgbúnwọ́. Aró díẹ̀, kọ́sítíìkì, hydrosulphite.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Kọ́sítíìkì ń bó ara. Òun la ń dà sínú omi, díẹ̀ díẹ̀; a kì í da omi lé e lórí, torí ó lè hó kó ta síni lójú. Hydrosulphite kò gbọ́dọ̀ kan ọ̀rinrin níbi tí o tọ́jú rẹ̀ sí, ó lè gbaná fúnra rẹ̀. Ìta gbangba ni kí o ti ṣe é. Ìkòkò tó bá ti ṣe aró kò tún gbọ́dọ̀ se ọbẹ̀ láéláé.

Má sì ṣe é ní ilé ìwẹ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì. Mo ṣe é. Ilẹ̀ náà di aró, wọ́n lé mi jáde fún ọ̀sẹ̀ kan, mo sì fi ọjọ́ méjì nínú rẹ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ilẹ̀.

Níbo ni mo ti lè kọ́ ọ dáadáa?

Lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe é jẹun. Nike Okundaye kò kàwé yunifásítì, inú ẹbí rẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́ àdìrẹ láì san kọ́bọ̀. Bí ìwé ẹ̀rí lo fẹ́, Yaba College of Technology àti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà. Lo ìsinmi ilé ìwé rẹ. Bí ẹ̀ka rẹ bá ń lọ fún SIWES, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ níta ilé ìwé, béèrè bóyá wọ́n á gbà kí o ṣe é níbi iṣẹ́ tó bá ohun tí o fẹ́ mu. Tèmi ò gbà, ilé àyẹ̀wò omi ni mo lọ, oṣù mẹ́fà.

Ṣé owó wà níbẹ̀?

Ó wà, kì í tètè wá. Ní ọdún àkọ́kọ́, owó aró àti aṣọ nìkan ni mo ń rí. Ìṣòro wa tó tóbi jù ni aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ wá láti Ṣáínà, tó jọ àdìrẹ lójú, tó sì pọ́ọ́kú ju owó aṣọ funfun tí èmi fẹ́ pa lọ. Bí oníbàárà bá bi mí pé kí ló dé tí tèmi fi wọ́n, mo máa ń ní kó yí aṣọ náà padà wo ẹ̀yìn. Aró tí a rẹ, ó dé ẹ̀yìn. Ti ẹ̀rọ sábà máa ń hàn lójú kan ju ìkejì lọ. Lẹ́yìn náà, ó kù sí i lọ́wọ́. Àwọn kan máa ń dá a padà, wọ́n á ra ti Ṣáínà, mi ò bínú sí wọn, èmi náà ń wo owó kí n tó ra bàtà.

Mo ṣì ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Màámi ní Sátidé. Oṣù kan wà tó jẹ́ pé owó ṣọ́ọ̀bù ló gbé aró, oṣù mìíràn aró a gbé ṣọ́ọ̀bù.

Ṣé mo lè wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín?

Wá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí aṣọ ń tètè gbẹ. Wọ aṣọ tí kò dùn ọ́, bọ́ òrùka sílé, jẹun kí o tó wá. Ọjọ́ àkọ́kọ́, o ò ní fọwọ́ kan aró. Aṣọ kan máa wà nílẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ kókó kókó. Má fi bíléèdì ya á.